Báyìí Là Ń Ṣe Nílé Wa, Èèwọ̀ Ibòmíràn: Ìtàn Ìwé-Àṣẹ Nọ́ọ̀sì Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni." Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé-àṣẹ iṣẹ́. Ọdún 1947 ni ìjọba amúnisìn dá Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Òfin ọdún 1979 sì kó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ agbẹ̀bí pọ̀ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nítorí ìdí èyí, nọ́ọ̀sì tí ó bá gba ìwé-àṣẹ náà lè ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn lónìí, kí ó ṣí lọ sí Sókótó tàbí Calabar ní ọ̀la. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ìwé rẹ̀ kò lè kọjá Odò Ọya.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ 50 ni ó wà níbẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní òfin tirẹ̀ lórí ẹni tí ó lè tọ́jú aláìsàn. Bí nọ́ọ̀sì bá tún wá fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ láàárín àwọn ọmọdé, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni yóò béèrè ìwé kejì lọ́wọ́ rẹ̀, èyíinì ni ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti dé, nọ́ọ̀sì lè jókòó sí ilé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan, kí ó máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ yunifásítì tí ó wà ní ìpínlẹ̀ kejì, kí ó sì ní i lọ́kàn láti ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kẹta. Nínú àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́ta yìí, òfin ti èwo ni yóò tẹ̀lé?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Owó ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, ọdún ayé ẹni wà nínú rẹ̀, ìlera ọmọ ọlọ́mọ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Inú ìtàn ni ìdáhùn náà wà.

Bí nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ìlú New York ni ìtàn náà ti fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó ń wọ ọkọ̀ ojú-omi láti ilẹ̀ Yúróòpù wá sí ìlú náà láti wá oúnjẹ òòjọ́. Ilé kún, àwọn ìdílé ń há mọ́ra nínú yàrá tóóró, àrùn sì ń ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara èkejì. Ilé-ẹ̀kọ́ di ibi tí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní trachoma, làpálàpá, iná orí àti egbò ara ti ń ràn káàkiri.

Ní ọdún 1897, ìjọba ìlú náà yan àwọn dókítà láti máa yẹ àwọn ọmọ wò. Dókítà yóò dé, yóò wo ojú ọmọ, yóò wo orí rẹ̀. Bí ó bá rí àrùn, ilé ni yóò dá ọmọ náà padà sí. Iṣẹ́ dókítà parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ń tẹ̀lé ọmọ náà délé láti fi han ìyá rẹ̀ bí yóò ti tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì ní òwúrọ̀ yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ní òpópónà ní ìrọ̀lẹ́. Àrùn kò lọ, ẹ̀kọ́ ni ó lọ.

Obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lillian Wald ni ó wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ni, òun ni ó sì dá ibùdó Henry Street sílẹ̀ ní ọdún 1893 láti máa tọ́jú àwọn tálákà nínú ilé wọn. Ó yá ìjọba ìlú ní ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ fún oṣù kan, kí wọ́n fi dán an wò. Orúkọ nọ́ọ̀sì náà ni Lina Rogers. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1902 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ 4 tí àwọn ọmọ inú wọn tó nǹkan bí 10,000. Ó ń wẹ egbò, ó ń kán oògùn sí ojú, ó sì ń lọ sí ilé àwọn ọmọ tí wọ́n ti lé lọ láti bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí oṣù náà pé, kò sí ẹni tí ó tún ń jiyàn. Wọ́n fi àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn kún un. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1902, àwọn ọmọ tí àrùn lé kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ 10,567. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1903, wọ́n ti dín sí 1,101.

Ohun kan wà nínú ìtàn Lina Rogers tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí. Ọmọ ilẹ̀ Kánádà ni. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú Toronto ni ó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó ti jẹ́ pé òkè ààlà ni ó ti wá, kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀ New York lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ní ọdún 1902, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tíì sí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé tí wọ́n kà.

Bí ìwé-àṣẹ ṣe dé

Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Ní oṣù kẹta ọdún 1903, ìpínlẹ̀ North Carolina ṣe òfin ìforúkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó parí, New Jersey, New York àti Virginia ti ṣe tiwọn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1923, gbogbo ìpínlẹ̀ 48 tí ó wà nígbà náà ni ó ti ní irú òfin yìí.

Àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ni ó jà fún un. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ṣáájú àkókò yìí, ẹni tí ó lo ọdún mẹ́ta ní ilé ìwòsàn ń jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ń jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tí kò kọ́ rárá pàápàá lè wọ aṣọ funfun kí ó sì máa gba owó lọ́wọ́ aláìsàn. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Síbẹ̀, àwọn òfin àkọ́kọ́ wọ̀nyí kò le. Orúkọ oyè nìkan ni wọ́n dáàbò bò: ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì tí ó ti forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè máa ṣe iṣẹ́ náà lọ. Ọdún 1938 ni New York kọ́kọ́ ṣe òfin tí ó sọ pé ẹni tí kò bá ní ìwé-àṣẹ kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbowó. Ogun àgbáyé kejì sì dá ìmúṣẹ òfin náà dúró títí ogun fi parí.

Ẹni kan lè béèrè pé, èéṣe tí ìjọba àpapọ̀ kò fi ṣe òfin kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀? Ìdáhùn wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àtúnṣe kẹwàá sí ìwé òfin náà, tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1791, sọ pé agbára tí wọn kò bá fi lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, tí wọn kò sì fi du àwọn ìpínlẹ̀, ti àwọn ìpínlẹ̀ tàbí ti àwọn ará ìlú ni. Ìtọ́jú ìlera àti ààbò ará ìlú wà lára agbára tí ó ṣẹ́kù sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí ó fi ìdí èyí múlẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti òde òní bí ìbejì. Ní West Virginia, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Frank Dent ti ń ṣe iṣẹ́ dókítà láti ọdún 1876. Ní ọdún 1882, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ dókítà gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí láti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lórúkọ rere, tàbí kí ó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún 10, tàbí kí ó yege nínú ìdánwò. Ọdún tí Dent ti lò kò tó 10, ṣùgbọ́n ó ní ìwé-ẹ̀rí. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni ó ti gbà á. Ìgbìmọ̀ West Virginia wo ìwé náà, wọ́n ní àwọn kò ka ilé-ẹ̀kọ́ náà sí. Dent kò dẹ́kun iṣẹ́. Wọ́n sì bu owó ìtanràn 50 dọ́là fún un. Ó gbé ẹjọ́ náà títí ó fi dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ìlú Washington. Ní ọdún 1889, ilé-ẹjọ́ náà dá ìpínlẹ̀ láre. Wọ́n ní gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe iṣẹ́ tí ó wù ú, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ní agbára láti béèrè ìmọ̀ tí ó yẹ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn gbangba pé ìwé-ẹ̀rí tí a gbà ní Ohio kò di ìwé-àṣẹ ní West Virginia bí ìgbìmọ̀ West Virginia kò bá gbà á. Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fúnni ní ìwé ni ó ń sọ ibi tí ìwé náà yóò ṣiṣẹ́ dé. Ibi tí aláìsàn dùbúlẹ̀ sí ni òfin dúró sí.

Ìdánwò kan, ìwé-àṣẹ púpọ̀

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ojú àwọn nọ́ọ̀sì là sí i pé ètò yìí nira. Ìdánwò ìpínlẹ̀ kan kò jọ ti èkejì. Ní ọdún 1944, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àjùmọ̀ṣe kan tí àwọn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ lè jọ lò. Nígbà tí ó di ọdún 1950, gbogbo ìpínlẹ̀ ti ń lò ó. Ní ọdún 1978, àwọn ìgbìmọ̀ náà dá àjọ kan sílẹ̀ láàárín ara wọn, àjọ náà ni ó sì gbé ìdánwò tí gbogbo ayé mọ̀ sí NCLEX jáde ní ọdún 1982.

Ṣùgbọ́n bí ìdánwò ti di ọ̀kan, ìwé-àṣẹ kò di ọ̀kan. Ẹni tí ó yege ní Georgia kò nílò láti tún ìdánwò ṣe bí ó bá lọ sí Michigan, ṣùgbọ́n ó ní láti tọrọ ìwé-àṣẹ Michigan, kí ó san owó rẹ̀, kí ó sì dúró de èsì.

Ìwé kejì: ti ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ti yà sọ́tọ̀ sí ti àwọn nọ́ọ̀sì yòókù. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ní ọ̀gá kan nínú òfin, èyí tí í ṣe ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ní ọ̀gá méjì. Bí ó ti jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ sí, tí ó ń jókòó pẹ̀lú olùkọ́ láti jíròrò lórí ọmọ tí ó ní wárápá tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí ìmọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1968, àwọn nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ di ẹ̀ka kan lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1979 ni wọ́n di ẹgbẹ́ tí ó dá dúró. Èyí fi hàn bí iṣẹ́ náà ti fi ẹsẹ̀ kan wà ní ilé ìwòsàn, tí ó fi ẹsẹ̀ kejì wà ní kíláàsì.

Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni òfin àwọn ìpínlẹ̀ kò dọ́gba lórí ìwé kejì yìí. Ní Texas, ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì tí ó ti forúkọ sílẹ̀ ni òfin ìpínlẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́. Ní Pennsylvania, New Jersey àti California, ìwé náà nìkan kò tó. Ní California fún àpẹẹrẹ, ìgbìmọ̀ tí ń fún àwọn olùkọ́ ní ìwé-ẹ̀rí ni ó ń fún nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ní oyè yunifásítì àkọ́kọ́ àti ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì California yóò kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí ìbẹ̀rẹ̀ tí ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ́ ọdún 5. Láàárín ọdún 5 yìí, yóò parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ tí ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí, yóò sì ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 kí ó tó gba ojúlówó.

Ìwé mìíràn tún wà tí ó máa ń da àwọn ènìyàn lójú rú. Láti ọdún 1991 ni àjọ kan ti wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tí ó ń ṣe ìdánwò fún àwọn nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sì ń fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń tún gbà ní ọdún 5-5. Àmì-ẹ̀yẹ náà níyì. Bí ó ti wù kí ó níyì tó, kì í ṣe ìwé-àṣẹ ìjọba. Nítorí pé wọ́n pè é ní ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹlòmíràn lè rò pé ó ṣí ìlẹ̀kùn gbogbo ìpínlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ó bá ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ yóò ṣì béèrè rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ń fo ààlà

Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ mú ẹ̀kọ́ fo ààlà ìpínlẹ̀. Ní ọdún 1892 ni Yunifásítì ìlú Chicago ti ń kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún 1970 ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní pẹrẹu, nígbà tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ New York dá ètò kan sílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gba oyè nọ́ọ̀sì láìjókòó sí kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kàwé nílé, yóò ṣe ìdánwò lórí ìwé, ní ìkẹyìn yóò sì ṣe ìdánwò ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń ṣe é ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, ètò náà di kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó dá dúró, orúkọ rẹ̀ sì di Excelsior ní ọdún 2001.

Àwọn tí ó jáde níbẹ̀ ń ṣe ìdánwò NCLEX kan náà tí gbogbo nọ́ọ̀sì ń ṣe. Síbẹ̀, òfin California sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lára aláìsàn lábẹ́ ojú olùkọ́ ní àkókò kan náà tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ inú ìwé. Ìgbìmọ̀ California ní ètò kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò ní èyí nínú. Wọ́n ní ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 2003 síwájú kò lè fi ìwé náà gba ìwé-àṣẹ ní California. Ó ju ọ̀rúndún kan lọ láàárín ẹjọ́ Dent àti ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ayédèrú. Ìpínlẹ̀ tirẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì kà á sí. Ìpínlẹ̀ mìíràn ni kò kà á sí.

Ìwé-àdéhùn láàárín àwọn ìpínlẹ̀

Nígbà tí tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà mú kí nọ́ọ̀sì máa tọ́jú ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, àwọn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ rí i pé ó di dandan kí wọ́n wá nǹkan ṣe. Wọ́n kọ ìwé-àdéhùn kan tí ó sọ pé ìpínlẹ̀ tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò máa gba ìwé-àṣẹ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fún nọ́ọ̀sì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gba ìwé-ìwakọ̀ ara wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Maryland, Texas, Utah àti Wisconsin wà lára àwọn tí ó ṣíwájú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, wọ́n fi àdéhùn tuntun tí ó gbópọn jù rọ́pò rẹ̀. Títí di òpin ọdún 2024, àwọn ìpínlẹ̀ àti àgbègbè tí ó ti fọwọ́ sí i lé ní 40. Ṣùgbọ́n California àti New York, ibi tí Lina Rogers ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò tíì sí lára wọn títí di àkókò náà.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa àdéhùn yìí. Èkínní, ìpínlẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ṣe ibùgbé ni ó ń fún un ní ìwé-àṣẹ náà. Bí ó bá ṣí lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ó gbọ́dọ̀ tọrọ ti ibùgbé rẹ̀ tuntun. Èkejì, bí nọ́ọ̀sì tilẹ̀ ní ìwé ìpínlẹ̀ tirẹ̀, òfin ibi tí aláìsàn wà ni yóò tẹ̀lé. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ọ̀rọ̀ yìí, ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì nìkan ni àdéhùn náà kàn. Kò kan ìwé-ẹ̀rí tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ń fúnni. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ìwé kìn-ín-ní. Ibodè ṣì wà níbẹ̀ fún ìwé kejì.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kọsẹ̀

Ká sọ pé nọ́ọ̀sì kan wà ní Texas. Ó ní ọmọ kékeré nílé, kò sì lè fi ilé sílẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ó rí ètò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìpínlẹ̀ kan tí ó jìnnà, ó san owó, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú ìwé rọrùn fún un. Nígbà tí ó kan iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ní kí ó wá ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí rẹ̀ tí yóò ti ṣe é lábẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ gidi ni yóò tọ́jú, ní Texas, lábẹ́ òfin Texas. Ó ṣe é, ó parí, wọ́n fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí California.

Níbẹ̀ ni yóò ti rí i pé ìwé-àṣẹ tí ó ṣiṣẹ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó lé ní 40 kò ṣiṣẹ́ ní California. Yóò tọrọ òmíràn. Bí ó bá gba ìyẹn, ìgbìmọ̀ tí ń fún àwọn olùkọ́ ní ìwé-ẹ̀rí yóò wá yẹ ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wò, bóyá ó bá ohun tí òfin wọn béèrè mu. Bí kò bá bá a mu, àfikún ẹ̀kọ́ ni, àfikún owó ni, àfikún ọdún ni. Obìnrin náà kò ṣe ọ̀lẹ, kò sì ra ayédèrú ìwé. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣe: kò béèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tí yóò ti ṣiṣẹ́ kí ó tó san owó fún ìpínlẹ̀ tí yóò ti kẹ́kọ̀ọ́.

Ìjọba àpapọ̀ pàápàá rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára. Láti oṣù keje ọdún 2020, wọ́n ṣe é ní òfin pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ń jẹ nínú owó ìrànwọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ bá ohun tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ ń béèrè fún ìwé-àṣẹ mu, tàbí kò bá a mu, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò tíì mọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n tún mú un le sí i: ilé-ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹ̀kọ́ náà bá a mu ní ìpínlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ wà ní àkókò tí ó forúkọ sílẹ̀. Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ wà nígbà tí ó forúkọ sílẹ̀ ni ó ń wò. Ẹni tí ó bá ní i lọ́kàn láti ṣí lọ ní ọ̀la ni yóò la ẹnu sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ méjì ọ̀rọ̀ náà

Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n wó gbogbo ibodè yìí palẹ̀. Wọ́n ní ibà ọmọ Ohio kò yàtọ̀ sí ibà ọmọ California, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní nọ́ọ̀sì kò yẹ kí ó tún máa lé nọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ wá sẹ́yìn nítorí ìwé. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ọmọ tí ó ní ikọ́-fée bá ń jà fún èémí, ìwé tí ó wà lórí tábìlì àwọn aláṣẹ kò lè ràn án lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn ń dá wọn lóhùn pé, nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kò ní dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn. Òun nìkan ni ó máa ń wà níbẹ̀. Òun ni yóò pinnu bóyá kí ọmọ padà sí kíláàsì tàbí kí wọ́n pe ọkọ̀ aláìsàn. Òfin abẹ́rẹ́ àjẹsára, òfin fífún ọmọ ní oògùn ní ilé-ẹ̀kọ́, òfin fífi ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé tó àwọn aláṣẹ létí, gbogbo wọn ni ó yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Ìpínlẹ̀ tí ó bá sì fi ọmọ rẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹni náà mọ̀.

Ìtàn kò dá ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́bi pátápátá. Lina Rogers ṣe iṣẹ́ ribiribi láìní ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀ kankan. Èyí fi hàn pé ìwé kọ́ ni ó ń wo ọmọ sàn. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì ìgbà rẹ̀ gan-an ni ó bẹ̀bẹ̀ fún òfin, nítorí pé wọ́n ti rí ohun tí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ń fi ojú aláìsàn rí. Ohun tí ó yẹ kí ó yí padà ni pé kí ibodè má ṣe di pàkúté fún ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lónìí. Láti ọdún 1977 ni àjọ kan ti wà níbẹ̀ tí ń yẹ ìwé àwọn nọ́ọ̀sì tí ó ti òkèèrè wá wò kí wọ́n tó ṣe ìdánwò. Ẹni tí ó bá ti la ìyẹn kọjá máa ń rò pé ibodè ti tán. Nítorí pé ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ní ilé, kò rọrùn fún un láti gbà pé ibodè mìíràn wà láàárín ìpínlẹ̀ kan àti èkejì, àti òmíràn láàárín ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́rin ni ìtàn fi lé ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ wo ni àwọn ọmọ tí yóò tọ́jú wà? Ṣé ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ṣé ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀, tí wọ́n sì gba ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ yìí? Níbo ni yóò ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́, lábẹ́ òfin ta ni? Ọ̀dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ náà fúnra wọn ni kí ó ti béèrè, kí ó sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ó tó san kọ́bọ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí yóò rí Frank Dent tí ó mú ìwé-ẹ̀rí Ohio dání níwájú ìgbìmọ̀ West Virginia. Íntánẹ́ẹ̀tì ti gbé kíláàsì wọ inú ilé, ṣùgbọ́n kò tíì gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá kúrò ní ibi tí ó wà. Ibi tí ọmọ náà bá wà ni òfin yóò máa dúró sí, ibẹ̀ sì ni kí nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà. Abèèrè kì í ṣìnà.